Ta Ni Ó Ni Ìgbéyàwó: Ẹbí, Ìjọba, Tàbí Ìjọ Ọlọ́run?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí èmi náà kọ nǹkan sínú ìwé yìí, mo sì rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, kí n tó mú ọ̀ràn kan tí ó ń wá sí orí tábìlì mi ju gbogbo ọ̀ràn yòókù lọ. Bí àwọn ènìyàn bá ṣe ìgbéyàwó nínú ìjọ, èmi ni mo ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí ìjà bá dé, tàbí bí ikú bá dé, èmi náà ni wọ́n ń wá bá fún ìwé. Ìbéèrè mi nìyí: nígbà tí àlùfáà bá gbé ọwọ́ lé tọkọtaya lórí, agbára ta ni ó ń lò? Ti Ọlọ́run ni, àbí ti ìjọba, àbí ti ẹbí tí ó ti gba ẹrù ìdáná ní ìjẹta?

Ní ayé àtijọ́, ìbéèrè yìí kò lè wáyé. Ní Ìpẹru Akẹ̀sán Baálẹ̀ Ọjà yìí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo Rẹ́mọ, inú àwo kan náà ni ìsìn àti ìjọba ti ń jẹun. Àwọn Òṣùgbó tí ń dá ẹjọ́ ìlú, Ilẹ̀ ni wọ́n fi ń búra. Ẹni tí yóò jọba, àwọn awo ni wọ́n ń ṣe ètùtù tí ń sọ ọ́ di ọba. Ìgbéyàwó náà bẹ́ẹ̀: a ó wádìí ìdílé, a ó bi Ifá, ẹbí ọkọ á tọrọ, ẹbí ìyàwó á gbà, a ó ṣe ìdáná, a ó sì fi tó àwọn baba ńlá tí ó ti sùn létí. Kò sí ẹni tí ó lè ya apá ti ìsìn sọ́tọ̀ kúrò lára apá ti ìlú. Kí a má sì tan ara wa jẹ, kò dùn fún gbogbo ènìyàn. Ọmọbìnrin tí a ti fi fún ọkọ láti kékeré, ibo ni yóò mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ? Baba tí ó fi í fún ọkọ, òun náà ni ó ń bọ òrìṣà ilé, òun náà ni ó sì ń jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà tí yóò gbọ́ ẹjọ́.

Ẹni tí ó bá sì rò pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni àlùfáà ti ń so tọkọtaya pọ̀, kí ó ṣí Bíbélì rẹ̀. Nínú ìwé Rúùtù, orí kẹrin, ẹnu bodè ìlú ni Bóásì ti gba Rúùtù, níwájú àgbà mẹ́wàá. Kò sí àlùfáà níbẹ̀. Ní Kánà ti Gálílì, àlejò ni Jésù Olúwa wa. Ọtí tí ó tán ni a torí rẹ̀ ké sí i, a kò ní kí ó wá so wọ́n pọ̀. Ìjọ Àgùdà pàápàá, ọdún 1563 ni ìpàdé ńlá wọn ní Trent ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ jẹ́ lójú àlùfáà àti ẹlẹ́rìí. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ọkùnrin kan a máa fẹ́ ìyàwó ní kọ̀rọ̀, wọn a sì sẹ́ ẹ ní gbangba. Ti Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ yani lẹ́nu jù. Ọba Henry Kẹjọ fẹ́ kọ aya rẹ̀, Póòpù kò gbà fún un, ni ọ̀ràn bá di pé kí ọba fúnra rẹ̀ jẹ́ olórí ìjọ ilẹ̀ rẹ̀ ní 1534. Ìyàwó mẹ́fà ni ó fẹ́ kí ó tó kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Inú ìjọ yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wá kọ́ wa ti jáde wá. N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Bí kò bá sí ti ilé ìwé wọn ni, ta ni ì bá kọ́ mi tí n fi ń di gègé mú?

Ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892 ni ó ṣí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sílẹ̀ fún òyìnbó. Ní 1894, Akárígbò Oyèbájò fọwọ́ sí ìwé pé kí Rẹ́mọ wà lábẹ́ ààbò ìjọba Èkó. Àwọn C.M.S. àti Ìjọ Elétò wọlé, ilé ìwé wọlé, òfin náà sì ń tẹ̀lé wọn bọ̀ lẹ́yìn. Èkó ti ní Òfin Ìgbéyàwó láti 1884. Òfin yẹn ṣe ohun kan tí a kò rí irú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ wa: ó mú àlùfáà, ó sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ ìjọba fún wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Ilé ìsìn ní láti gba láísẹ́ńsì. Ìlẹ̀kùn ní láti wà ní ṣíṣí, láàrin aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán wà níbẹ̀, kí a sì fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó ti ìjọba láàrin ọjọ́ méje.

Kí ni ẹni tí ó ṣe é ń rí gbà? Ní 1898, kóòtù ní Èkó dá ẹjọ́ kan tí àwọn lọ́yà ṣì ń dárúkọ, ẹjọ́ Cole. Ọkùnrin kan tí ó ṣe ìgbéyàwó onígbàgbọ́ ní Sàró wá gbé ní Èkó, ó sì kú láìṣe ìwé ìhágún. Arákùnrin rẹ̀ ní òun ni àṣà ìbílẹ̀ fi ṣe àrólé. Kóòtù ní rárá, ẹni tí ó ti ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, àṣà ìbílẹ̀ kọ́ ni a ó fi pín ogún rẹ̀. Ẹ rò ó wò: òrùka kékeré yẹn lè gba ilé lọ́wọ́ ẹbí.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a ṣí fún ìyàwó kan, a tì í mọ́ ìyàwó kejì. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńglíkà gbogbo ayé pàdé ní Lambeth, wọ́n sì fẹnu kò pé ọkùnrin tí ó bá ní ju ìyàwó kan lọ, kí a má ṣe ìrìbọmi fún un títí yóò fi lè gba òfin Kristi. Ní èdè tí ó yé wa nílé, kí ó lé àwọn yòókù lọ. Ìyàwó tí a bá lé, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó ṣẹ̀? Ẹbí rẹ̀ ti gba ìdáná, ó ti bímọ, ó ti bá ọkọ rẹ̀ ṣa obì, ó ti bá a ru ẹrù lọ sọ́jà. Ìsìn tuntun wá dé, ó ní kò sí níbẹ̀ mọ́. N kò tíì gbọ́ ìwàásù kan tí ó dá ìyàwó yẹn lóhùn. Ìjà lórí àṣẹ òyìnbó ni ó bí United Native African Church ní 1891 àti African Church ní 1901, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ìyàwó kò jìnnà sí i. Ní ti àwọn Elétò tí ó dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ ní 1917, èyí tí a mọ̀ sí Ẹlẹ́ja, ọ̀ràn ìyàwó gan-an ni ó lé wọn jáde.

Láti ibi tí mo jókòó kọ èyí, Ògèrè kò jìnnà. Níbẹ̀ ni Josiah Ọṣìtẹ́lù, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ fún ìjọ Áńglíkà kí wọ́n tó dá a dúró ní 1926, ti dá Church of the Lord (Aládùúrà) sílẹ̀ ní oṣù Keje 1930. Ọdún yẹn náà ni iná ìsọjí Joseph Babalọlá ràn ní Òkè-Oyè, Iléṣà. Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń ké pè, omi àdúrà kan náà ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ìyàwó wà lára ohun tí ó yà wọ́n. Ọṣìtẹ́lù gba olóbìnrin púpọ̀ sínú ìjọ, òun náà sì fẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tí ó wá di Christ Apostolic Church kò fara mọ́ ọn. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì tán láàrin àwa Aládùúrà, n kò sì ní fi ìwé àjọ̀dún parí rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lórí ìlànà Pọ́ọ̀lù fún Tímótì nípa alábòójútó ìjọ, ibi tí ó dúró sí dára. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé ọkùnrin tí ó dé ọ̀dọ̀ baba Ògèrè, pẹ̀lú ilé tí ó ní ni a gbà á. Lambeth náà padà wá sí i. Ní 1988, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn ìpinnu àkọ́kọ́, wọ́n ní kí a ṣe ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀ pẹ̀lú aya àti ọmọ rẹ̀ tí ó gbàgbọ́, bí ó bá ti lè ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn níwọ̀n ìgbà tí àwọn wọ̀nyí bá wà láàyè, kí a má sì fi ipá mú un lé ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù fi ọgọ́rùn-ún ọdún kọ́, àwọn àgbẹ̀ Rẹ́mọ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí a kì í fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ àjọ̀dún. Àwọn baba wa gba ìgbéyàwó kúrò lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n fà á lé àdúrà lọ́wọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ìsìn Aládùúrà ni ó ní láísẹ́ńsì tí mo wí yẹn, ìwé ìsúre tí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá sì fún tọkọtaya, ìwé àdúrà ni. Opó kan mú tirẹ̀ wá bá mi rí. Kì í ṣe ìjọ wa ni ó ti gbà á. Inú ọ̀rá ni ó tọ́jú rẹ̀ sí fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọkọ ti kú, àwọn ẹbí ọkọ ti ti yàrá, ilé ìfowópamọ́ kan sì ti ní àwọn kò mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, ṣé kì í ṣe iwájú Ọlọ́run ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà ni?"

Iwájú Ọlọ́run ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n níwájú òfin, ìdáná tí ẹbí rẹ̀ gbà ni ó sọ ọ́ di aya, aya ní ìlànà ìbílẹ̀. Láti 1929 ni kóòtù sì ti sọ, nínú ẹjọ́ Sogunro-Davies, pé ní àṣà Yorùbá opó kì í jogún ọkọ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀. Àwọn ọmọ ni ó ni í. Bí opó bá ní ọmọ tí ó ti dàgbà tí ó sì ní làákàyè, ó yẹ ẹ́. Bí kò bá bímọ ńkọ́? Òfin ìjọba náà kò mọ́ tán o. Ìwé Òfin Ọ̀daràn ní ẹni tí ó bá ti ṣe ìgbéyàwó olófin, tí ó tún lọ ṣe òmíràn nígbà tí aya rẹ̀ wà láàyè, ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni. Mélòó nínú wọn ni ẹ mọ̀ ní ẹ̀wọ̀n? Bí wọ́n bá ń mú wọn lóòótọ́ ni, àga iwájú nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ì bá ṣófo, bóyá àga adájọ́ náà.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó kàwé á ní ìsìn àti ìjọba ti pínyà, pé Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 kò gbà kí ìjọba kankan sọ ìsìn kan di tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ìwé. Ẹ wá wo ọ̀ràn ọba. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, lábẹ́ Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún tí í ṣe ọmọ ìlú wa, ṣe òfin kan tí ọdún rẹ̀ jẹ́ 2021, pé kí a lè fi ọba jẹ kí a sì sin ín ní ìlànà ìsìn tí òun fúnra rẹ̀ gbàgbọ́. Àwọn oníṣẹ̀ṣe bínú sí i, nítorí lójú tiwọn, òkú ọba kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀. Ní oṣù Keje 2025, nígbà tí Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, wàjà, ìlànà Mùsùlùmí ni a fi sin ín. Èmi kò dá sí ìjà yẹn. Mo kàn rí i pé nígbà tí ọba kò fẹ́ kí àṣà borí ìgbàgbọ́ òun, ìjọba bá a wá òfin sí i. Opó tí ó mú ìwé wá nínú ọ̀rá, ta ni yóò bá a wá tirẹ̀?

Nítorí náà ni mo fi gbé ìmọ̀ràn kan síwájú ìgbìmọ̀ àwọn àgbà. Kí a tó kéde ìgbéyàwó, kí akọ̀wé pe ọkọ àti ìyàwó jókòó, kí ó sọ fún wọn ní èdè Yorùbá èwo nínú ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ wọ̀. Bí ti òfin ni, kí wọ́n lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó ti ìjọba, kí wọ́n retí ọjọ́ mọ́kànlélógún kí ìwé tó jáde, kí ìgbéyàwó sì wáyé kí oṣù mẹ́ta tó pé. Bí ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú àdúrà ni, kí ọkọ ṣe ìwé ìhágún, kí orúkọ ìyàwó sì wà nínú ìwé ilẹ̀ tí wọ́n bá jọ rà. Bí ọkọ bá sì ní ìyàwó kan nílé, kí ó sọ ọ́ létí ẹni tí ó ń bọ̀ wá fẹ́, lójú mi.

Àgbà kan ní bí a bá ń béèrè báyìí, wọn á sá lọ sí ìjọ tí kì í béèrè. Òótọ́ ni, tọkọtaya méjì ti lọ. Ẹ̀kẹta kò lọ. Ọkọ kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé ikú òun ni a ń retí ni. Nígbà tí ó ṣe, ó ní kí n ka ibi ti ogún yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n rọra kà á, kí ó lè yé ìyàwó òun náà.