Ta Ló Jẹ̀bi, Màlúù Tàbí Olórin?

Àwọn ará Ṣáínà ní òwe kan tí wọ́n máa ń pa bí èèyàn bá ń fẹnu ṣòfò: ó ń ta guqin fún màlúù. Guqin ni ohun èlò orin olókùn méje tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ náà gbé gẹ̀gẹ̀ jù. Igi gígùn pẹlẹbẹ ni. Ọwọ́ ọ̀tún á máa ta okùn, ọwọ́ òsì á máa yọ́ lórí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le, ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán lè má gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí, èébú gbáà ni òwe yìí: ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé ni màlúù.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó bí òwe náà kò parí síbi tí wọ́n ń parí rẹ̀ sí. Ó wà nínú Mouzi, ìwé àtijọ́ kan tó ń gbèjà ẹ̀sìn Búdà. Olórin kan tó ń jẹ́ Gongming Yi ta Qingjiao, orin ńlá kan, fún màlúù. Màlúù dorí kodò, ó ń jẹ koríko rẹ̀ lọ. Gongming Yi kò bú u, kò sì palẹ̀ mọ́. Ó yíwọ́ padà: ó ta okùn bí ẹ̀fọn àti eṣinṣin tó ń kùn, ó ta á bí ọmọ màlúù tó ń ké wá ìyá rẹ̀. Kíá, màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù, ó na etí sókè, ó ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ń gbọ́. Etí rẹ̀ kò di látilẹ̀. Orin àkọ́kọ́ ni kò kàn án.

Mo rí ọwọ́ Confucius, amòye ilẹ̀ Ṣáínà (551–479 ṣáájú ìbí Kristi), nínú ìdájọ́ yìí. Lójú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń ta guqin ni guqin kọ́kọ́ ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Òpìtàn Sima Qian kọ ọ́ pé nígbà tí Confucius ń kọ́ guqin lọ́dọ̀ ọ̀gá olórin Shi Xiang, orin kan ṣoṣo ló dúró tì. Ọ̀gá ní kó bọ́ sí òmíràn. Ó ní òun mọ orin náà, òun ò tíì mọ ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ìyẹn tán, ó ní òun ò tíì mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é. Kò fi í sílẹ̀ títí ó fi rí ojú onítọ̀hún kedere, pé ọba Wen ti ilẹ̀ Zhou ni. Ẹni tó fara balẹ̀ gbọ́ òkú tó báyẹn, kí ni yóò fi ṣe àwáwí níwájú màlúù alààyè?

Nínú Lunyu, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Confucius, Zilu àti Ran You, ọmọlẹ́yìn rẹ̀ méjì, bi í ní ìbéèrè kan náà: bí èèyàn bá gbọ́ ohun rere, ṣé kó ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Ó ní kí Zilu fi ọ̀rọ̀ lọ̀ baba àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ná; ó ní kí Ran You ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà rú ọmọlẹ́yìn mìíràn lójú. Confucius ní Zilu a máa kánjú jù, Ran You a máa fà sẹ́yìn, nítorí náà ìdáhùn wọn kò lè bára mu.

Àwa Yorùbá náà ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Olùgbọ́ ló ni iṣẹ́ àtisọ ọ́ di odindi. Confucius kò yọ olùgbọ́ sílẹ̀ o. Bí ó bá fi igun kan han akẹ́kọ̀ọ́, tí onítọ̀hún kò lè wá igun mẹ́ta yòókù, kì í tún un sọ fún un. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti gbọ́ èdè náà, ọ̀lẹ ló ń dà á láàmú. Màlúù ní tiẹ̀ kò gbọ́ èdè orin àkọ́kọ́ rárá.

Ohun tó tilẹ̀ mú Mouzi, ẹni tí ìwé náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, pìtàn màlúù yìí ni pé wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi ń fi ìwé àwọn ọmọlẹ́yìn Confucius gbèjà Búdà, tí kò lo ìwé Búdà gan-an. Ó ní ohun tí wọ́n mọ̀ lòun fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó bi í ló wà nípò màlúù, Mouzi ló sì ń ké bí ọmọ màlúù.