Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Fi Owó Ra Ìpele?

Ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Sabon Gari ni ó ń gbá géèmù lórí fóònù pẹ̀lú àwọn tí wọn kò rí rí. Kí a tó bá wọn wí, ẹ jẹ́ kí a mọ bí ó ti rí. Iṣẹ́ tí ọmọ bá ṣe nínú eré ní máàkì. Bí máàkì bá pé, yóò gun ìpele kan sí i. Bí ó ti ń gòkè ni iye tí a ń béèrè ń pọ̀ sí i. Nínú RuneScape, tí ó jáde ní 2001, máàkì 83 ni a fi ń dé ìpele kejì nínú iṣẹ́ ọwọ́ kan, ṣùgbọ́n 13,034,431 ni a fi ń dé ìpele 99. Ẹni tí ó dé 92 ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ìdajì ọ̀nà ni!

Ní 2014, àwọn tí ó ni World of Warcraft bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpele 90, tí ó ga jù lọ nígbà náà, ní dọ́là 60. Àwọn kan ní kò sí ẹni tí a rẹ́ jẹ, eré lásán ni. A kò gbà. Bí a bá ṣe wólìmá fún ọmọ tí kò lè ka ojú ewé kan, kò jalè, ṣùgbọ́n ó ti sọ ràwàní ẹni tí ó jókòó ti wàláà di yẹpẹrẹ. Àwọn tí wọ́n jọ jáde ogun pẹ̀lú ẹni tí ó ra ìpele ni yóò sì jìyà àìmọ̀jà rẹ̀.

Àmọ́ ẹni tí ó ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà rí, tí ó wá rà á lẹ́ẹ̀kejì nítorí iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó ráyè, kò pa irọ́ kankan. Nítorí náà, bí ọmọ bá béèrè owó ìpele, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti gùn ún rí.