Ojú Ọdẹ àti Ọwọ́ Ọdẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe yìí kò sọ fún wa bí ojú ṣe gbọ́dọ̀ ríran kedere tó kí á tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé a ti rí ohun tí à ń wò. Ìbéèrè náà kò le fún púpọ̀ nínú wa. Bí ẹnì kan bá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lókèèrè ní Bẹẹrẹ, tí ẹni náà yíjú padà tí kì í ṣe òun, ẹ̀rín ni wọn yóò fi parí rẹ̀. Ọdẹ kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ọta tí ó bá ti kúrò lẹ́nu ìbọn kò ní etí tí a lè fi pè é padà, ẹni tí ó bá sì fi ènìyàn pe ẹran yóò ru àṣìṣe ìṣẹ́jú kan náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ohun tí ọdẹ fi ń wo ìgbẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà nìkan.

Ohun èlò kan wà tí ó ti di ara ẹrù àwọn ọdẹ tí ń gun òkè ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, àwọn tí wọ́n ń di oúnjẹ, aṣọ àti àgọ́ wọn sínú àpò ẹ̀yìn, tí wọ́n sì ń sun ìgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Awò awọ̀nà-jíjìn kékeré ni. Ojú kan ni a fi ń wo inú rẹ̀. A ó gbé e lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹran tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè kejì yóò sì súnmọ́ ni ní ìlọ́po ogún tàbí ọgbọ̀n. Kí ọdẹ sun ìgbẹ́ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba wa náà ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ pẹ̀lú àpò, ìbọn, àdá, ọ̀bẹ àti fìtílà, ẹrù sì ń pa wọ́n léjìká. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Òkè Bọ́lá bá ń bèèrè irú awò tí ó yẹ kí òun rà kí òun tó lọ sí ìgbẹ́, ìbéèrè àtijọ́ ni ó ń bèèrè: nínú gbogbo ohun tí ó wúlò, èwo ni mo lè rù?

Orúkọ ìlú rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè bá a dáhùn. Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni Ìbàdàn, ìlú tí a tẹ̀ dó sí ibi tí igbó àti pápá ti pàdé. Ọdẹ tí ó bá kọjú sí gúúsù, sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, igbó ni ó ń wọ̀ lọ, níbi tí ewé àti ìtàkùn kì í jẹ́ kí ojú ríran ju ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ. Etí ni ojú ọdẹ níbẹ̀. Kò sí awò tí ó lè la ewé kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọjú sí àríwá, sí ìhà Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí, títí dé ahoro Ọ̀yọ́ Ilé, yóò bá pápá gbalasa àti òkè olókùúta pàdé. Níbẹ̀ ni ojú ti lè rí ohun tí ẹsẹ̀ kò ní dé ní wákàtí kan. Apá kan ilẹ̀ náà ti di ọgbà ìtọ́jú ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ láti 1991, èyí tí à ń pè ní Old Oyo National Park. Ìbọn ọdẹ kò ní àyè níbẹ̀, ṣùgbọ́n awò ní. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: kí á mọ ilẹ̀ kí á tó yan irinṣẹ́. Ẹni tí ó jẹ́ pé inú igbó dídí ni ó ti ń ṣọdẹ, tí ó sì ra awò olówó gọbọi, ẹrù tí kò ní láárí ni ó gbé.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ìṣirò. Bí a bá rí 12-36x50 lára awò, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè sọ ohun tí à ń wò di ìlọ́po 12 títí dé ìlọ́po 36, àti pé dígí iwájú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 50. Dígí iwájú yìí ni ẹnu ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Bí a bá fi ìlọ́po pín fífẹ̀ rẹ̀, a ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde sí ẹyinjú wa ṣe fẹ̀ tó. Bí a bá fi 12 pín 50, a ó rí nǹkan bí mìlímítà 4. Bí a bá fi 36 pín in, kò tó mìlímítà kan ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹran sábà máa ń jáde, nígbà tí ẹyinjú là sílẹ̀ láti gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó wà. Bí a ṣe ń fa ẹran súnmọ́ tó ni òkùnkùn ń bò ó tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí i ní láti ra èyí tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 80 tàbí 85, ìyẹn sì lè wọ̀n tó kìlógíráàmù kan ààbọ̀ tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìka ẹsẹ̀ mẹ́ta tí yóò gbé e dúró. Èyí tí dígí rẹ̀ jẹ́ 50 sábà máa ń dín ní kìlógíráàmù kan.

Ọ̀sán gangan ńkọ́? Ooru tí ń gòkè láti ilẹ̀ a máa mú kí afẹ́fẹ́ jó bí omi, awò náà yóò sì sọ ijó yẹn di ńlá pẹ̀lú ẹran tí à ń wò. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku ni yóò fi aṣọ bo ojú rẹ̀. Ìlọ́po 60 tí oníṣòwò fi ń polówó kò ní ṣe wá ní oore kankan níbẹ̀. Awò tí ó mọ́ gaara ní ìlọ́po 20, tí ìrì kò lè wọ inú rẹ̀, tí a sì gbé dúró ṣinṣin, sàn ju èyí tí agbára rẹ̀ wà lórí ìwé lọ. Mo tẹnu mọ́ ìdúró ṣinṣin nítorí pé ọwọ́ lásán kò lè di ìlọ́po 20 mú láìgbọ̀n. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ nílé kí ẹrù lè fúyẹ́ ti fi ìdajì ojú rẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Kí ni gbogbo èyí wá ní í ṣe pẹ̀lú ìwà? Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé òṣùwọ̀n kan wà tí ọdẹ gbọ́dọ̀ fi wọn awò rẹ̀: ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dá ohun mọ̀ kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè pani lára dé. Nígbà tí ó jẹ́ ìbọn ṣakabùlà nìkan ni ó wà, ọwọ́ ọdẹ kò gùn. Ó ní láti súnmọ́ ẹran kí ó tó yìnbọn, ìsúnmọ́ yẹn sì ń fún ojú rẹ̀ ní àǹfààní láti mọ ohun tí ó wà níwájú. Ọta ìbọn ìgbàlódé lè kọjá kìlómítà kan kí ó tó balẹ̀. Ọwọ́ ti gùn, ojú sì wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì ni ewu ń gbé. Ẹni tí ó bá ra ìbọn tí ń pa ní ọ̀nà jíjìn, tí kò sì wá ojú tí yóò ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, agbára tí kò ní òye nínú ni ó rà.

Àwọn kan yóò sọ pé ìbọn ìgbàlódé ní awò tirẹ̀ lórí. Kí ni a tún ń ru òmíràn fún? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ẹni tí ó bá ń fi awò orí ìbọn wá ohun tí ń mì nínú koríko, ẹnu ìbọn rẹ̀ ti kọjú sí ohun náà kí ó tó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ àgbẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ń wa iṣu ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí ń ṣa ìgbín, tàbí obìnrin tí ń ṣẹ́gi? Ọdẹ náà lè sọ pé òun kò yìnbọn, òun kàn wò ni. Ṣùgbọ́n ó ti fi ikú kí ẹni tí kò mọ̀. Ìdí tí awò fi gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kúrò lára ìbọn nìyí: kí wíwò lè parí iṣẹ́ tirẹ̀ kí pípa tó dìde. Kìlógíráàmù kan yẹn tí ọdẹ rù sẹ́yìn, ó rù ú nítorí ẹnì kan tí kò tíì rí, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó má rí láéláé.

Mo mọ̀ pé àgbà ọdẹ lè takò mí. Yóò ní awò a máa sọ ọdẹ di ọ̀lẹ, àti pé ẹran náà ní ẹ̀tọ́ sí àǹfààní tirẹ̀, kí á má ṣe máa ṣọ́ ọ láti òkè kejì bí olè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwúwo. Ẹ jẹ́ kí á wo ìjálá. Nínú ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1966, oríkì ẹranko wà níbẹ̀: ti erin, ti ẹfọ̀n, ti ẹtu. Kò sí ẹni tí ó lè ki ẹran báyẹn bí kò bá ti jókòó wò ó pẹ́, bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń jẹ, bí ó ṣe ń bínú. Àwọn tí wọ́n dá ìjálá sílẹ̀ kò ní awò, wọ́n ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni ẹ̀rí yìí gbè sí. Wíwò kì í sọ ọdẹ di ọ̀lẹ. Yíyìnbọn láìwò ni ìwà ọ̀lẹ. Ìbọn ti rẹ́ ẹran jẹ tẹ́lẹ̀, awò nìkan sì ni ó lè gbà á là nínú gbogbo ẹrù ọdẹ. Ẹni tí ó bá fi í wò, tí ó rí i pé abo ni, tí ọmọ ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, lè ká ọwọ́ rẹ̀ kò kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láìsí awò, àwọ̀ pupa lásán ni ì bá rí nínú koríko.

Àtakò kejì ni ti owó. Awò tí ó dára lè wọ́n ju ìbọn fúnra rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ọdẹ ilẹ̀ wa sì ń ṣọdẹ nítorí àtijẹ ni. Ṣé a ó wá sọ pé ẹni tí kò lówó kò níwà? Rárá o. Kì í ṣe awò ni ojúṣe. Kí á mọ ohun tí à ń yìnbọn sí ni ojúṣe. Ẹni tí kò ní awò ní ẹsẹ̀: kí ó rìn súnmọ́ ọn. Bí kò bá ṣeé súnmọ́, kí ó jẹ́ kí ó lọ. Ọdẹ tí ìmọ́lẹ̀ fìtílà rẹ̀ bá ojú méjì tí ń dán pàdé lóru mọ̀ pé ojú ẹtu ń dán, ojú ajá ń dán, ojú ewúrẹ́ aládùúgbò náà ń dán.

Ẹ̀wẹ̀, òṣùwọ̀n yìí ní ìhà kejì. Mo ní ojú gbọ́dọ̀ jìn ju ọwọ́ lọ. Ǹjẹ́ ojú lè jìn jù? Ó lè jìn jù. Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá gun Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sí Òkè Àárẹ̀ ní 1936 ní ìrántí Bower, ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sí ìlú yìí ní 1893, yóò rí òrùlé onípáànù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ojú lásán ń rí ìlú. Awò ń rí àgbàlá: ìyá tí ń wẹ̀, tọkọtaya tí ń jà, ẹni tí ń dá sunkún lẹ́yìnkùlé. Ọdẹ tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń wo ẹtu láìjẹ́ kí ẹtu mọ̀ ti kọ́ ohun tí kò gbọdọ̀ lò fún aládùúgbò rẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìdánwò yìí ti wà nínú awò. Ní 1608, Hans Lipperhey bẹ ìjọba ilẹ̀ Netherlands pé kí wọ́n fún òun nìkan ní àṣẹ láti máa ṣe é. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Galileo kó àwọn àgbà ìlú Venice gun orí ilé ìṣọ́ kan, ó sì fi ọkọ̀ ojú omi hàn wọ́n kí ojú lásán tó lè rí i. Ohun tí ó fi polówó rẹ̀ ni ìwúlò rẹ̀ fún ogun. Kò pẹ́, ní 1610, awò tí ó lágbára ju ìyẹn lọ ni ó kọ sí ojú ọ̀run tí ó fi rí àwọn òṣùpá tí ń yí Júpítà ká. Nígbà tí ogun Bóà ń lọ lọ́wọ́ ní 1900, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín ilẹ̀ Scotland jọ sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Lovat Scouts, nítorí pé wọ́n mọ bí a ṣe ń fi awò wo òkè. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, ó pẹ́ tí ọdẹ ti ń ṣọ́ àdúgbò lóru, nígbà tí wọ́n sì ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní ìlú yìí ní Oṣù Kìn-ín-ní 2020, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí a fojú sí. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ojú ọdẹ di ojú ìlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí awò bá yí padà láti ara ẹran sí ara ènìyàn, iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. À ń wo ẹran kí ó lè dá wa lójú pé a lè pa á. À ń wo ènìyàn kí ó lè dá wa lójú pé kò sí ìdí tí a ó fi pa á lára. Ohun tí a bá sì rí tí kò kan ààbò ẹnikẹ́ni, kí á gbé e mì, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ọ̀dọ́mọkùnrin Òkè Bọ́lá kò gùn. Kí ó mọ ilẹ̀ tí ó ń lọ. Kí ó ra èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ lè rù dé ọjọ́ kẹta, nítorí awò tí a fi sílẹ̀ ní àgọ́ kò rí nǹkan kan. Kí ó dán an wò ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ní ọ̀sán gangan níwájú ìsọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó rántí pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun òkè kò lè rí i; àwọn tí wọ́n pa òwe yẹn kò ní dígí kankan lọ́kàn. Bí ó bá ti wò títí, tí iyèméjì ṣì wà, iyèméjì náà ni ìdáhùn. Kí ó ká ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, kí ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọwọ́ òfo ní ọ̀la tí yóò tún jáde. Ní ti ẹni tí ó yìnbọn kí ó tó mọ̀, gbogbo òtòkùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.