Àṣẹ́kù Sílíkónì àti Ọ̀rọ̀ Ìnákúnàá

Sílíkónì tí àwọn oníṣẹ́ fèrèsé àti púlọ́ńbà fi ń dí ojú fèrèsé àti etí sínkì kì í gbẹ bí ọ̀dà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un le. Òórùn kíkan bíi ti fínígà tó ń jáde lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àmì pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ní Ìtamaga, ní Ìkòròdú tó fara ti ọ̀sà, ọ̀rinrin kò wọ́n, pàápàá nígbà òjò. Ike tí wọ́n lò dé ìdajì, tí wọ́n gbé sí kọ̀rọ̀ lẹ́nu ṣíṣí, kì í pẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tó dí pa.

Ṣé ẹni tó jẹ́ kí irú àṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ ti ṣe ìnákúnàá? Àlùkùránì, nínú Súrà Al-Isra, pe àwọn onínàákúnàá ní ọmọ ìyá èṣù. Nínú Ìhìn Rere Jòhánù, lẹ́yìn tí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin ti yó, Jésù ní kí wọ́n kó àjẹkù jọ, agbọ̀n 12 sì kún. Síbẹ̀, nínú Ẹ́kísódù 16, mánà tí àwọn kan fi pamọ́ di òwúrọ̀ yọ ìdin, bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ Ìsinmi kò rùn rárá. Kì í ṣe ìpamọ́ ni ìwé náà ń bá wí, bí kò ṣe ohun tó mú ènìyàn pa á mọ́.

Ànábì Yúsúfù ló sún mọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ jù lọ. Kò kàn sọ fún àwọn ará Íjíbítì pé kí wọ́n kó ọkà pamọ́. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, àfi díẹ̀ tí wọn yóò jẹ. Ìmọ̀ ọ̀nà ìpamọ́ wà lára àṣẹ náà. Ẹni tó pa nǹkan mọ́ láìmọ bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́ wulẹ̀ sún ìnákúnàá síwájú ni.

Ìṣó ni ọ̀pọ̀ ń kì bọ ẹnu sílíkónì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó sàn kí wọ́n tẹ díẹ̀ jáde, kí wọ́n jẹ́ kó le ní ẹnu bí ìdérí, kí wọ́n fi ọ̀rá wé e pinpin, kí wọ́n sì gbé e síbi tútù tí oòrùn kò ti lè pa á. Bí wọ́n bá tún fẹ́ lò ó, wọn yóò fa ìdérí náà yọ. Ìwọ̀nba tó le ní ẹnu yẹn kò ṣòfò: òun ló dáàbò bo ìyókù.

Ta ló ni àṣẹ́kù náà? Bí onílé bá fowó rẹ̀ ra ike, tirẹ̀ ni ìdajì tó kù, Súrà An-Nisa sì pàṣẹ kí a dá ohun ìfọkàntán padà fún olówó rẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá ti ka owó ike náà mọ́ iye tí ó gba iṣẹ́, tirẹ̀ ni. Àárín méjèèjì yìí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta. Oníṣẹ́ tó tọrọ rẹ̀ kò jalè. Èyí tó rọra sọ ọ́ sínú àpò irinṣẹ́ jalè, kódà bó bá dá a lójú pé yóò le mọ́ onílé lọ́wọ́.

Ìpamọ́ dáadáa náà ní òpin. Ike tí wọn kò tíì ṣí rárá ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára. Kí wọ́n tó fi èyí tó ti pẹ́ dí ojú ibi tó ń jò, kí wọ́n tẹ díẹ̀ sórí páálí. Bí kò bá le lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n dà á nù.