Ìkíni Tí Ọlọ́wọ̀ Kọ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, kí àwọn ará ilé tó gbéra lọ síbi ìṣọ́ òru, àṣà kan wà nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá. Wọ́n á pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á pe àwọn ọmọ jáde nínú yàrá, àgbà ilé á jókòó sáàrin, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí ọmọ tó kéré jù. Èyí á ní òun yege ìdánwò. Òmíràn á ní òun bí tibi tire. Ẹnì kan á ní ọkọ̀ tí òun wọ̀ lọ sí Ìbàdàn takìtì, àmọ́ òun jáde láìfarapa. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti sọ tirẹ̀ tán, gbogbo ilé á dúpẹ́ bá a.

Ẹnì kan sì máa ń wà ní igun àga tí kì í sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá ní ó kàn án, á ní òun ò ní ọ̀rọ̀. Ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Ìdákẹ́ agbéraga wà, ìdákẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ wà, Ifá ò sì fi ojú kan náà wo àwọn méjèèjì.

Ti agbéraga wà nínú Ìwòrì Méjì, ọ̀kan lára àwọn ojú odù 16. Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ 8, gbogbo wọn ló di ọba. Alárá wà lára wọn, Ajerò wà lára wọn, Ọlọ́wọ̀ sì ni àbíkẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan, Ọ̀rúnmìlà ń ṣọdún, ó ránṣẹ́ pe gbogbo wọn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti dé, á tẹríba, á kí bàbá rẹ̀ ní àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Nígbà tó kan Ọlọ́wọ̀, ó dúró ṣánṣán. Wọ́n ní kó kí bàbá, ó kọ̀. Wọ́n bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní aṣọ tó wà lọ́rùn bàbá, irú rẹ̀ wà lọ́rùn òun. Bàtà tí bàbá wọ̀, òun náà wọ̀ ọ́. Adé wà lórí àwọn méjèèjì, ẹni tó dé adé kì í sì í forí balẹ̀ fún aládé mìíràn.

Ọ̀rúnmìlà bínú, ó sì gba òde ọ̀run lọ.

Ayé bá dàrú. Aboyún ò rí ọmọ bí, aláìsàn ò gbádùn, iṣu kọ̀ kò tóbi, àgbàdo yọ ọmọ, ọmọ náà ò gbó. Odò kéékèèké fà títí ewé fi bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ìtàn yìí kì í ṣe ìbáwí fún ìlú Ọ̀wọ̀, nítorí kò sí ilé tí kò lè ní Ọlọ́wọ̀ tirẹ̀. Ohun tó yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ wò ni àwọn nǹkan tí ọmọ yìí kà sílẹ̀. Aṣọ, bàtà, adé: ẹ̀rí oore ni gbogbo wọn, òun sì ń fi wọ́n jẹ́rìí pé òun ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Bí kì í bá ṣe ọmọ Ọ̀rúnmìlà, níbo ni ìbá ti rí adé dé? Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ní kó mú àgbò wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu mẹ́ta péré ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó sì má baà dà bí ẹni pé ìjà bàbá àti ọmọ kan ni, Ifá jẹ́ kí a rí i pé àwọn 7 tó kí bàbá wọn dáadáa náà jìyà rẹ̀. Iṣu oko tiwọn náà ò tóbi. Ìdákẹ́ ẹnì kan kó gbogbo agbo ilé sínú ọ̀dá.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀hún pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Ní Kúbà, níbi tí àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé Ifá dé, ìkíni yìí kan náà ni wọ́n fi ń kí babaláwo, àmọ́ ó ti di iború, iboya, ibosheshe lẹ́nu wọn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé orúkọ obìnrin mẹ́ta ni. Ọ̀rúnmìlà wà nínú ewu nígbà tí Olófin, orúkọ kan tí wọ́n ń pe Ọlọ́run, ń dán àwọn awo wò, àwọn obìnrin yìí ló ràn án lọ́wọ́ tó fi yọ. Nígbà tó yọ tán, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí òun, kó kọ́kọ́ dárúkọ wọn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ àwọn olóore bàbá rẹ̀ ni Ọlọ́wọ̀ kọ̀ láti pè lójú agbo. Àwọn babaláwo Kúbà ṣì máa ń péjọ lọ́dọọdún, bí ọdún bá ti ń kú tí òmíràn ń wọlé, láti dá Ifá ọdún tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè sọ Yorùbá lọ títí, síbẹ̀ "modupué" ò kúrò lẹ́nu wọn.

Ọdún tiwa nílé kò tilẹ̀ parí nínú oṣù Kejìlá lójú àwọn onífá. Oṣù Kẹfà ni wọ́n ń péjọ sí Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti ṣọdún, kí wọ́n sì gbọ́ ohun tí Ifá sọ. Oṣù yòówù kó jẹ́, ìbéèrè kan náà ló wà nílẹ̀: ta ni kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà wo sì ni?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, Àwíṣẹ Awo Àgbáyé, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 pé ẹsẹ Ifá tó pé máa ń ní apá 8. Orúkọ awo ló ń ṣáájú, ẹni tí wọ́n dá Ifá fún tẹ̀ lé e, títí dé orí ẹbọ àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Apá keje ni ayọ̀ tàbí àbámọ̀ ẹni náà. Ẹni tí Ifá gbè á máa jó, á máa yọ̀, á máa yin àwọn awo rẹ̀. Àwọn awo náà á wá máa yin Ifá. Ètò yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ń fò lálẹ́ ọjọ́ 31. Ọmọ á dìde, á ní Ọlọ́run ló san owó ilé-ìwé òun. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n tó ta ọ̀kadà rẹ̀ kí owó ọ̀hún lè pé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ òun. Nínú ẹsẹ Ifá, ìyìn máa ń gba ọ̀dọ̀ èèyàn kọjá kó tó gòkè. Àṣà wa mọ èyí dáadáa: ẹni tó jẹun nílé ẹlòmíràn lánàá, á kí i lówùúrọ̀ pé "ẹ ṣé àná".

Ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ ńkọ́? Ẹni tó sin ọmọ nínú oṣù Kẹsàn-án, tí wọ́n wá ní kó dìde, kó sọ ohun tí ọdún ṣe fún un? Ifá kò fi ijó sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ. Wàhálà ló ń ṣáájú ijó, ẹbọ ló ń tẹ̀ lé wàhálà, ibi tí nǹkan bá ti wá gún ni ayọ̀ ń gbà wọlé. Ẹni tí tirẹ̀ ò tíì dé apá keje, ìkà ni kí ará ilé máa fipá gba orin lẹ́nu rẹ̀. Ògúndá Méjì ní ọ̀rọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi àwọn òrìṣà léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ló lè bá olùsìn rẹ̀ rin ìrìn jíjìn kọjá òkun láìpadà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí èyí tó lè ṣe é tán àfi Orí. Obì kan àti omi tútù tó láti fi bọ orí tó bá èèyàn rìn dé òpin irú ọdún bẹ́ẹ̀. Ó lè ṣe é nínú yàrá rẹ̀, láìsí ariwo.

Ìwòrì Méjì ò parí síbi ọ̀dá. Ìyà pọ̀ lára àwọn ọmọ, wọ́n bá tọ bàbá wọn lọ. Wọ́n bá a nídìí ọ̀pẹ tó yọ ẹ̀ka 16, wọ́n kí i, wọ́n kì í, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí àwọn jọ máa lọ sílé. Ìdí ọ̀pẹ ni ọpẹ́ wọn ti ráyè jáde. Ọ̀rúnmìlà gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò bá wọn lọ. Ikin 16 ló kó lé wọn lọ́wọ́, ó ní bí wọ́n bá ń wá owó, tí wọ́n ń wá ọmọ, ohun tí wọn yóò máa bi nìyẹn. Ikin yìí ni babaláwo ń pa títí dòní, iṣẹ́ Ifá ọ̀hún sì ni UNESCO kéde ní 2005 pé ó jẹ́ ìṣúra gbogbo ayé. Lóòótọ́, àwọn awo gbà pé Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ ló wà nínú ikin. Síbẹ̀, àga bàbá ṣófo nílé.

Màlúù tí à ń pa níbi òkú òbí, aṣọ ẹbí, ojú ìwé ìròyìn tí à ń rà fi kì wọ́n, ìdí ọ̀pẹ náà ni gbogbo wọn. Ó dùn-ún wò, kò sì burú, àmọ́ ẹni tó ni ín kò sí níbẹ̀ láti dáhùn.

Nínú àwọn ilé kan, kó tó kan ọmọ kékeré láti sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n máa ń kọ́kọ́ pe ìyá àgbà tó wà lábúlé, tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó wá. Wọ́n á gbé fóònù sórí tábìlì, wọ́n á ṣí i kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ọmọ á kúnlẹ̀ níwájú fóònù náà bí ẹni pé ìyá ló wà lórí tábìlì. Ìyá á ní, "Ta nìyẹn?" Ọmọ á dá orúkọ ara rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ìyá ṣe fún un lọ́dún náà, bẹ̀rẹ̀ láti orí gààrí tí ìyá fi ránṣẹ́ lóṣù Kejì.