JÍÀ TÍ Ó BÁ ÒKÈ MU

Bíbélì kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 33:12-14

  

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín, kí ẹ ka ẹsẹ mẹ́ta yìí kí á tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Jákọ́bù àti Ésáù ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Inú Ésáù dùn, ó ní kí àwọn jọ máa lọ. Ọkùnrin 400 ni ó tẹ̀ lé e, wọn kò gbọ́mọ pọ̀n. Ṣùgbọ́n Jákọ́bù wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí àwọn ọmọ kéékèèké, ó rí àwọn ẹran tí ń fún ọmọ lọ́mú. Ó mọ̀ pé bí a bá fi eré àsápajúdé lé wọn fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ikú ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó máa lọ níwájú. Òun yóò máa bọ̀ jẹ́jẹ́, ní ìwọ̀n tí agbára àwọn ọmọ bá gbé.

Ẹni tí ó bá ti wa ọkọ̀ onígíà rí yóò tètè mọ ohun tí Jákọ́bù ń sọ. Ọkọ̀ ọ́tò, tí ń yí jíà fúnra rẹ̀, ni ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa nísinsin yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa mọ Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, àti Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láyé ọjọ́un. Ìjàpá ni mo wà lọ sí ilé ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Títí di òní, ọ̀pọ̀ danfo àti ọkọ̀ akẹ́rù ni ó jẹ́ pé ọwọ́ ni awakọ̀ fi ń yí jíà wọn. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́ta lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

ÌKÍNNÍ: AGBÁRA NI JÍÀ KÌÍNÍ NÍ, KÒ NÍ ERÉ

Ní jíà kìíní, ẹ́ńjìnì yóò yí lọ́pọ̀ ìgbà kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kì í fi í sáré níbẹ̀, tí ó sì fi ń ní agbára láti gbéra lójú kan àti láti gun òkè. Jíà kẹrin ní eré, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí awakọ̀ bá fi jíà kẹrin dojú kọ Òkè Mápó ní Ìbàdàn, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n rìrì, yóò sì kú. Ẹ́ńjìnì kò bàjẹ́ o; jíà ni kò bá òkè mu. Awakọ̀ tí ó gbọ́n yóò ti padà sí jíà kejì kí ó tó dé ibẹ̀, ojú kò sì ní tì í.

Ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ ni ó ń gbọ̀n rìrì lónìí. Ọmọ kò yege WAEC ní ẹ̀ẹ̀kan, ìyá ti ń fi ọmọ aládùúgbò tí ó wà ní yunifásítì bú u. Ìyàwó ọmọ kò tíì pé oṣù mẹ́ta nínú ilé, a fẹ́ kí ó mọ gbogbo ohun tí àwa fi ọgbọ̀n ọdún kọ́. Ẹrù Jákọ́bù ni a rù, eré Ésáù ni a fẹ́ sá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ padà sí jíà kejì. Ọlọ́run kì í fojú tín-ín-rín ìbẹ̀rẹ̀ kékeré. Ẹ ka Sekaráyà 4:10.

Síbẹ̀, a kò ní máa gbé inú jíà kìíní títí. Ọkọ̀ tí ó bá dé ojú títẹ́ tí kò kúrò níbẹ̀, ariwo ni yóò máa pa, epo ni yóò máa jẹ. Baba wa nínú ìgbàgbọ́, John Wesley, kọ́ wa pé kí Kristẹni máa tẹ̀síwájú sí ìwà mímọ́. Ẹni tí ó ti ṣe ọgbọ̀n ọdún nínú ìjọ tí kò lè gbàdúrà fún aláìsàn nílé rẹ̀ àfi kí alùfáà dé, àsìkò tó kí ó yí jíà.

ÌKEJÌ: KÍLỌ́Ọ̀ṢÌ KÌ Í ṢE IBI ÌGBÉSẸ̀LÉ

Kí a tó yí jíà, ẹsẹ̀ òsì ní láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Òun ni yóò já ẹ́ńjìnì kúrò lára jíà fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó bá fi tipátipá yí i, yóò gbọ́ bí eyín jíà ṣe ń ké. Bẹ́ẹ̀ ni àdúrà rí. Kí á tó fèsì ọ̀rọ̀ tí ó bí wa nínú, kí á tó gbé ẹjọ́ ilé lọ sí ìta, ẹ jẹ́ kí á tẹ kílọ́ọ̀ṣì ná.

Ṣùgbọ́n bí jíà bá ti wọlé, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Àwọn kan a máa gbé ẹsẹ̀ lé e láti ilé dé ọjà. Kò wọlé tán, kò jáde tán. Díẹ̀díẹ̀ ni páléètì rẹ̀ yóò máa jẹ, títí òórùn jíjó yóò fi gba inú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì yóò máa pariwo, ọkọ̀ kò ní lọ. Ohun tí Èlíjà bá Ísírẹ́lì wí lé lórí ní Òkè Kámẹ́lì nìyẹn (1 Àwọn Ọba 18:21). Arábìnrin tí ó ti ń sọ láti ọdún mẹ́wàá pé òun ṣì ń gbàdúrà sí i kí òun tó dárí ji àbúrò ọkọ òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí kílọ́ọ̀ṣì. Àdúrà yẹn ti tó. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ẹ lọ bá a nílé.

ÌKẸTA: Ẹ MÁ ṢE FI FÍRÍÌ SỌ̀ KALẸ̀

Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo ti gbówó lórí. Àwọn awakọ̀ kan a máa bọ́ jíà sí fíríì bí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn ń ṣọ́ epo lò. Ewu ńlá ni. Bí ọkọ̀ bá wà ní jíà, ẹ́ńjìnì ń bá bíréèkì dì í mú. Bí ó bá wà ní fíríì, bíréèkì nìkan ni ó kù, bí bíréèkì bá sì gbóná jù, kò ní mú mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, bí a bá wà ní jíà tí a kò tẹ iná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, epo kì í tilẹ̀ wọ ẹ́ńjìnì. Kí wá ni èrè fíríì?

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìrọ̀rùn ti gbé Kristẹni ṣubú ju òkè ìṣòro lọ. Nígbà tí ọmọ kò tíì ríṣẹ́, a kì í pa ìpàdé àdúrà jẹ. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, a kò rí wa mọ́. Ẹ jẹ́ kí jíà wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá dẹ̀.

ÌYÁ KAN LÓRÍ ÒKÈ

Mo mọ ìyá kan nínú ìjọ wa, opó ni. Nígbà tí bàbá ilé sùn nínú Olúwa, ọkọ̀ onígíà kan wà nínú ọgbà tí ewé ń já lé lórí. Owó tí ìyá yìí fi ń kó ata àti tòmátò wálé láti ọjà ń jẹ gbogbo èrè rẹ̀. Ẹni ọdún 57 ni nígbà tí ó ní òun yóò kọ́ ọkọ̀ wíwà. Àwọn kan ní ikú ọkọ rẹ̀ kò dùn ún. Ẹ̀yin ènìyàn mi, nínú ẹgbẹ́ wa ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde.

Wọ́n gbàgbé Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n máa ń pè ní obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n gbàgbé pé ní ọjọ́ Àjíǹde, 2 oṣù kẹrin 1972, gbogbo awakọ̀ ilẹ̀ wa ni ó tún ọkọ̀ wíwà kọ́, nígbà tí a kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Àgbà kò ga ju ẹ̀kọ́ lọ.

Ìyá náà gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, ó lẹ àmì L mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀. Orí òkè ni ẹ̀rù ti ń bà á. Ọkọ̀ kú, ó fẹ́ máa yí padà sẹ́yìn, danfo sì ń fun fèrè kíkankíkan. Ọmọkùnrin tí ń kọ́ ọ, tí kò ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ, wí fún un pé: "Mọ́mì, ẹ má wo danfo. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́ sókè. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fi jíà sí kìíní. Ẹ tẹ iná díẹ̀, kí ẹ máa tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí imú ọkọ̀ bá ti gbé sókè, ẹ sọ bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó gbéra. Lónìí, òun ni ó ń gbé àwọn ìyá arúgbó wa wá sí ìsìn, títí kan ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ̀rọ̀ sí i.

Nítorí náà, bí opó kan bá wà ní àdúgbò yín tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́, tàbí ìwé kíkà, tàbí ọkọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ danfo tí ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ẹsẹ 18 nínú orí tí a kà sọ fún wa pé Jákọ́bù dé ìlú Ṣékémù ní àlàáfíà. Kò bá Ésáù sáré, ṣùgbọ́n ó dé.

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní ọgbọ́n láti mọ òkè tí ó wà níwájú wa àti ẹrù tí ó wà lẹ́yìn wa. Má ṣe jẹ́ kí á lé àwọn ọmọ rẹ kọjá agbára wọn. Di àwọn opó àárín wa mú lórí òkè, kí wọ́n má ṣe yí padà sẹ́yìn. Mú gbogbo wa dé ilé ní àlàáfíà, nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.