Ògún Nínú Sílíńdà Mẹ́rin



Ní ọjọ́ Ògún kan, ọmọ òrìṣà kan gun alùpùpù tuntun wá sí ilé mi níbí, ní Prince George's County. Ká tó rí i la ti ń gbọ́ ọ. Ducati Panigale V4 ni, pupa fòò. Obì àti ọtí wà nínú báàgì tó gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi fi í han Ògún." Ó tún wá bi mí pé, "Ẹ́ńjìnì wo gan-an ni Ògún fẹ́ràn jù?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ́ńjìnì ná. Sílíńdà ni ihò irin tí pístìn ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Á fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, á fún un pọ̀, iná á ṣẹ́, iná á ti pístìn padà, èéfín á jáde. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí bàbá mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ́ńjìnì tí wọ́n tú sílẹ̀, àgbẹ̀dẹ rẹ̀ ni mo rántí: ẹwìrì ń fẹ́, iná ń jó, òòlù ń sọ̀. Kí ló tún kù?

Bí wọ́n ṣe to sílíńdà ló wá ń yàtọ̀. Honda CB750 tó jáde ní 1969 to mẹ́rin sórí ìlà kan, ọ̀pọ̀ alùpùpù asáré láti Japan sì gba ọ̀nà yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Suzuki Hayabusa ti 1999, 1,299 cc, tí wọ́n fi orúkọ ẹyẹ àṣá sọ. BMW ti ń to méjì kí wọ́n kọjú síra láti 1923. Harley-Davidson ya méjì bí ẹsẹ̀ ẹni tó là, ìwọ̀n 45. Ti Ducati yìí, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ìwọ̀n 90.

Ohùn wọn ló dùn mọ́ mi jù. Nínú sílíńdà mẹ́rin orí ìlà kan, bó ṣe wọ́pọ̀, iná ń ṣẹ́ ní gbogbo ìwọ̀n 180 tí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì bá yí. Ó dọ́gba, ìdí nìyẹn tó fi ń ké lọ gbọọrọ. Ti Harley, lẹ́yìn 315 ni èkejì ń ṣẹ́, ó tún di 405 kí ti àkọ́kọ́ tó padà. Ìlù tó ń tiro ni. Panigale V4 ń ṣẹ́ méjì-méjì, 90 láàárín wọn, á wá sinmi díẹ̀. Ọ̀pá ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ń yí sẹ́yìn nígbà tí táyà ń yí síwájú, kí ó lè rọrùn láti dà á. Ẹ fetí sí i dáadáa, bàtá akólòlò ni. (Mo mọ̀ pé Ṣàngó ló ni bàtá. Ẹ má bínú.)

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, a ka ìwé tí Sandra Barnes ṣe olóòtú rẹ̀ nípa Ògún, tó kọ́kọ́ jáde ní 1989. Òótọ́ ló wà níbẹ̀: ibi tí irin tuntun bá dé, Ògún ti dé ibẹ̀. Àmọ́ ìwé ò sọ ohun tí èèyàn máa ṣe fún ọmọ tó dúró níwájú rẹ̀ tí ẹ́ńjìnì ṣì ń gbóná. Mo sọ fún un pé Ògún kì í ka sílíńdà. Irin tó bá sáré, tirẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ tí irin bá ta sílẹ̀, kò sọ pé òun ò rí i.

Mo wá béèrè hẹ́límẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní ó wà nílé.

Ẹ gbọ́ o. Láti 1992 ni òfin Maryland ti ní kí gbogbo ẹni tó bá gun alùpùpù dé e. Ṣùgbọ́n mi ò bá a sọ ọ̀rọ̀ òfin. Mo bi í pé, "Ta la kọ́kọ́ ń bọ, Ògún ni àbí orí?" Kò dáhùn. Mi ò pa obì. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi mọ́tò mi gbé e lọ sílé. Inú bí i gan-an.

Òpópó 210 la gbà. Nígbà tí a dé Accokeek, mo sọ fún un pé ní oṣù Èrèlé 2008, lóru, ọkọ̀ kan ya wọ àárín àwọn tó dúró ń wo eré ìje mọ́tò lójú ọ̀nà yìí. Ènìyàn mẹ́jọ ló kú. Òǹwòran ni wọ́n. Ó wo ojú fèrèsé títí a fi dé.

Ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ burúkú. Èmi náà sì mọ̀ pé bí mo bá le jù, á lọ bá ẹlòmíràn tí yóò pa obì fún un láìbéèrè ohunkóhun. Oorun ò kùn mí lóru yẹn. Gáréèjì mi ni alùpùpù náà wà títí ọ̀rún fi pé.

Ọjọ́ Ògún tó tẹ̀lé e, ó padà wá. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì méjì ló gbé lọ́wọ́. A kó wọn síwájú irin, a tú màrìwò lé alùpùpù lórí, mo ta omi sílẹ̀, mo pe orí rẹ̀ kí n tó pe Ògún. Obì yàn.

Ó ní èkejì, tèmi ni, kí n gùn ún pẹ̀lú òun. Mi ò tíì gùn ún.